Ẹ gbà mí o, eku tó mu omi lásán náà, èsì ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Omijé ni mo fi ń kọ èyí. Oṣù mẹ́ta ni mo fi tọ́jú eku 24 fún iṣẹ́ máásítà mi. Èmi ni mò ń gbá ìgbẹ́ wọn láràárọ̀, torí ẹni tó ń ṣọ́ ilé eku kì í tètè dé. Mo fún àwọn kan ní parasitámọ́ọ̀lù àpọ̀jù kí ẹ̀dọ̀ wọn lè bàjẹ́, mo fún àwọn kan ní omi ewúro mọ́ ọn, àwọn tó kù mu omi lásán. Èsì dé: AST (èròjà tí ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) gbogbo wọn ga fíofío, pirotéènì inú ẹ̀jẹ̀ náà lọ sókè, títí kan àwọn olómi! Ọ̀gá mi pè mí ní ọ̀lẹ lójú gbogbo èèyàn. Ṣé kí n ra eku mìíràn ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Eku mẹ́fà kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan. Gbàdúrà, kó o sì lọ bẹ ọ̀gá rẹ.

Bọ̀dá Láàbù: Ìgò wo lo gba ẹ̀jẹ̀ sí, ọlọ́mọrí pupa àbí àlùkò?

Àbẹ̀kẹ́: Pupa ni, Bọ̀dá. Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí.

Alágbo: Ewúro ọjà lo lò. Ti ẹ̀yìnkùlé ló dára.

Bọ̀dá Láàbù: Kí ni ewúro fẹ́ ṣe fún eku tí ò fẹnu kàn án? Àbẹ̀kẹ́, àwọ̀ wo ni omi tó yọ lókè ẹ̀jẹ̀ náà ní?

Àbẹ̀kẹ́: Ó pọ́n, bíi sóbò tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iná lọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Mo gbé àwọn ìgò náà bẹ́ẹ̀ sínú fìríìsà ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ kejì ni mo tó yí wọn. Ṣé ìyẹn burú ni?

Bọ̀dá Láàbù: Háà! Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì bíi yìnyín, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ á bẹ́. AST wà nínú wọn, ó sì tú jáde. Hemoglobin, èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa, náà ń gba ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 540 nm, ibi tí ìdánwò Biuret ti ń ka pirotéènì gan-an, ló fi dà bíi pé pirotéènì pọ̀. Ǹjẹ́ o tọ́jú ẹ̀dọ̀ wọn?

Àbẹ̀kẹ́: Gbogbo 24 wà nínú formalin tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà, lábẹ́ tábìlì mi.

Bọ̀dá Láàbù: Ọlọ́run ṣeun! Má ra eku kankan. Ní kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi aró H&E tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì hàn kedere kùn ún, kó o wo àyíká iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín. Ibẹ̀ ni parasitámọ́ọ̀lù ti ń kọ́kọ́ pa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀jẹ̀ yẹn, má kọ ọ́ síbì kankan bí èsì.

Àbẹ̀kẹ́: Ṣé dandan ni kí n sọ ti fìríìsà fún ọ̀gá mi?

Ìyá Ìbejì: Sọ ọ́, ọmọ mi. Lọ́la.