Báwo ni a ṣe lè mú kí àwọn òbí máa dá sí ìpinnu ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́?

Ìbéèrè, láti ọwọ́ Ọmọ Ìgbìmọ̀ Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Láti oṣù méje sẹ́yìn ni mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ládùúgbò wa, àwọn aráàlú ló sì dìbò yàn wá. Àwa márùn-ún yìí là ń pinnu bí a ó ṣe ná owó, ẹ̀kọ́ tí a ó fi kún ti tẹ́lẹ̀, àti aago tí àwọn ọmọ yóò máa wọlé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé lọ́jọ́ tí a jíròrò lórí ètò ìṣúná, èèyàn mẹ́rin péré ló jókòó síwájú wa nínú gbọ̀ngàn tó lè gba igba èèyàn, òṣìṣẹ́ wa sì ni méjì nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí a dín bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà ẹ̀hónú ń rọ́ wọlé lójoojúmọ́. A ti lẹ ìkéde mára ògiri, a ti fi ránṣẹ́ sórí fóònù, a sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ló kù tí a kò ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú, kí ó là mí lóye.

Èsì, láti ọwọ́ Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ kú akitiyan. N kò rò pé ìkéde yín ló kéré. Ìgbà tí ẹ ń pe àwọn èèyàn ni mo rò pé ó ti pẹ́ jù. Òbí tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ti kọ ìpinnu sínú ìwé kí òun tó dé, kò ní rí ìdí tí òun yóò fi fi ìsinmi alẹ́ sílẹ̀. Àwọn baba wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n kí á fá a tán kí á tó pe olórí wá wo dígí, ìyẹn náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìgbìmọ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọlé ní aago méje ààbọ̀ dípò aago mẹ́jọ, wọ́n sì kọ ìwé olójú-ewé 14 lé e lórí. Ìyá kan dìde, ó ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ni bọ́ọ̀sì yóò dé ẹnu ọ̀nà wa?” Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ń wo ara wọn, nítorí pé ìdáhùn yẹn kò sí nínú gbogbo ojú-ewé náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n fún un pé, wọ́n ní kí ó jókòó, wọ́n sì dìbò. N kò rí ìyá náà ní ìpàdé mọ́ títí tí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ jáde nígbà tó ṣì wà ní tútù. Ká ní ẹ ti sọ fún wọn ní oṣù méjì ṣáájú pé owó kò tó, pé yálà bọ́ọ̀sì tàbí nǹkan mìíràn ni yóò dín kù, tí ẹ sì béèrè èyí tí wọ́n lè fara dà, wọn ì bá wá. Lẹ́yìn ìpinnu, ẹ padà lọ bá wọn, kí ẹ sọ èyí tí ẹ gbà nínú ìmọ̀ràn wọn, èyí tí ẹ kò gbà, àti ìdí rẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń fò, òun gan-an ló sì ń mú èèyàn padà wá.

Èsì, láti ọwọ́ Òbí Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ fún inú rere ìgbìmọ̀ nìkan. Ní California, òfin tí wọ́n ń pè ní Brown Act, tí wọ́n ṣe ní 1953, pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ lẹ ohun tí ìpàdé rẹ̀ yóò dá lé síta ní wákàtí 72, ó kéré tán, ṣáájú ìpàdé tó máa ń wáyé déédéé, kí ó sì jẹ́ kí aráàlú sọ̀rọ̀ lórí ohun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pinnu lé e lórí. Òfin tó dára ni, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta kò tó fún ẹni tó ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Chicago ló wú mi lórí jù. Láti ìgbà tí òfin 1988 ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, òbí ló ń gba àyè tó pọ̀ jù: ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lónìí, òbí 6 ló ń jókòó pẹ̀lú aráàdúgbò 2, olùkọ́ 2, òṣìṣẹ́ mìíràn 1 àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ló ń yan ọ̀gá, àwọn ló sì ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná. Lóòótọ́, níbẹ̀ pàápàá, àwọn àyè kan máa ń ṣófo nítorí pé kò sí olùdíje. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé ìbò òun lè yan ọ̀gá tí yóò máa tọ́jú ọmọ òun kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìpàdé.

Èsì, láti ọwọ́ Ògbufọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn tí kì í lè wá rárá. Iṣẹ́ mi ni láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí tí kò gbọ́ èdè ìjọba, mo sì ti rí bàbá tó gbọ́n, tó lóye, tó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé dé òpin rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, nítorí pé wọn kò sọ fún un pé òun lè béèrè ògbufọ̀. Òmíràn kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òfin gba òun láyè. Ní San Francisco, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i ní 2016 pé kí àwọn òbí tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lè dìbò yan ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ọmọ tiwọn náà wà ní kíláàsì.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Bí gbọ̀ngàn bá kún tán lọ́la, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn tó ní àyè, tó ní ọkọ̀, tó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ nìkan ló kún un, kí ẹ sì rò pé gbogbo òbí ló sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò máa bá wọn mú ọmọ dání lákòókò ìpàdé, ẹ sì lọ bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ wọn lọ sílé. Ẹ bi àwọn ọmọ náà léèrè. Àwọn ló ń gun bọ́ọ̀sì yẹn.

Èsì, láti ọwọ́ Ọmọ Ìgbìmọ̀ Tuntun

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìyá tó béèrè aago bọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n sùn lánàá, nítorí pé n kò lè dáhùn rẹ̀ lórí ìpinnu tí àwa náà ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó dábàá pé kí a kọ èsì sí àwọn tó kọ lẹ́tà sí wa, kí a sì ṣí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà padà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀, ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè wo ni ẹ máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n?