Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé agolo káàdì yẹ ní rírà fún ẹni tó ń kó káàdì jọ?

Olùbéèrè:
Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ wa yìí, lágbà àti lọ́mọdé. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń kó káàdì Pokémon jọ. N kì í fi wọ́n bá ẹnikẹ́ni ta ayò. Ohun tó ń wù mí ni kí n kó gbogbo káàdì inú ìtẹ̀jáde kan pé, láti nọ́ńbà kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí n sì tò wọ́n sínú álúbọ́ọ̀mù. Agolo, ìyẹn àpótí irin tí wọ́n ń kó àpò káàdì sí tà, ni mo sábà máa ń rà, nítorí pé ó dùn ún wò, àti nítorí pé káàdì àkànṣe kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó dá mi lójú pé ọwọ́ mi yóò tẹ̀, yàtọ̀ sí àpò káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú wọn.

Nígbà tí mo jókòó ṣírò ohun tí mo ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò yé mi mọ́. Agolo méje ló wà lórí pẹpẹ mi. Ẹ̀dà mẹ́rin tàbí márùn-ún káàdì kan náà wà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó ṣófo nínú álúbọ́ọ̀mù mi ṣì pọ̀. Nínú agolo kan, méjì nínú àwọn àpò náà jẹ́ ti ìtẹ̀jáde àtijọ́ tí n kò wá rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ṣíwọ́ agolo rírà ni, àbí ọgbọ́n kan wà nídìí rẹ̀ tí n kò tíì mọ̀?

Alákòójọ Àtijọ́:
Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ṣe irú rẹ̀ tí ojú sì ń tì wá láti sọ. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ ra agolo, ńṣe ni mo máa ń gbójú kúrò lára irin náà ná, tí màá ka iye àpò tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta ẹyọ àpò kan níbi tí ẹ ti ń rajà, ẹ fi iye àpò inú agolo sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú owó agolo. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni owó tí ẹ ń san lórí irin, àwòrán ara rẹ̀, àti káàdì àkànṣe yẹn. Kí ẹ wá lọ wo iye tí àwọn tó ń ta káàdì ní ẹyọ-ẹyọ ń ta káàdì àkànṣe náà. Níwọ̀n bí gbogbo agolo tó ní àwòrán kan náà ti ní káàdì kan náà nínú, ó máa ń pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kì í sì í sábà ga.

Ti pé ẹ fẹ́ kó ìtẹ̀jáde kan pé, ibẹ̀ gan-an ni agolo ti ń tan èèyàn. Ẹ wo ìtẹ̀jáde tí wọ́n pè ní 151, tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2023: káàdì 165 ni wọ́n kà sí odidi rẹ̀, àwọn tí nọ́ńbà wọn kọjá 165 ló sì sọ gbogbo rẹ̀ di 207. Káàdì mẹ́wàá ló wà nínú àpò kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí ẹ bá rí ló jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n bí álúbọ́ọ̀mù yín bá ti ń kún, bẹ́ẹ̀ ni àpò kọ̀ọ̀kan yóò máa mú ohun tuntun tó kéré sí i wá, títí ẹ ó fi máa ṣí odidi agolo kan láìrí káàdì kan tí ẹ kò ní tẹ́lẹ̀. Tó bá ti tó ìdajì tó ti wọlé, ẹ ra ìyókù ní ẹyọ-ẹyọ.

Ìyá Ìbejì:
Mo fara mọ́ ohun tí àgbà wa sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu kan kún un. Àwọn ìtẹ̀jáde kan wà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì Pokémon kì í kó àpò wọn sínú páálí oní-àpò 36 tí a mọ̀. Hidden Fates ti ọdún 2019 jẹ́ ọ̀kan, 151 yẹn náà jẹ́ ọ̀kan, Prismatic Evolutions tó jáde ní ọdún 2025 sì jẹ́ ọ̀kan. Inú agolo àti inú àwọn páálí àkànṣe àti irú wọn ni wọ́n ti ń fi àpò wọn síta. Ẹni tó bá fẹ́ dọ́gbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí irú ìtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún agolo àti irú àwọn páálí àkànṣe bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Agolo kéékèèké tí àpò méjì péré ń wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ó rọrùn láti gbàgbé pé owó àpò rẹ̀ lè wọ́n ju ti agolo ńlá lọ. (Èmi náà jẹ̀bi o. Nígbà tí mo rí i pé àwòrán wọn máa ń so pọ̀ di àwòrán ńlá kan, mo rà wọ́n títí wọ́n fi pé. N kò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní ọgbọ́n.)

Atayò:
Ẹ má jẹ́ kó jọ pé Pokémon nìkan ni agolo wà fún. Ní ti Yu-Gi-Oh!, tó jẹ́ eré káàdì mìíràn, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Agolo ńlá ti ọdún 2021, Tin of Ancient Battles, ní àpò mẹ́ta, káàdì 18 ló sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ àtúntẹ̀ àwọn káàdì tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Fún èmi tí mò ń fi wọ́n ta ayò, oúnjẹ ńlá nìyẹn, nítorí owó káàdì tí apá mi kò ká tẹ́lẹ̀ yóò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá káàdì kan bó ṣe rí nígbà tó kọ́kọ́ jáde kì í sábà rí i nínú agolo bẹ́ẹ̀, àtúntẹ̀ náà sì lè dín iye èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kù.

Ọ̀gá Tó Ti Tajà Rí:
Ní ti àwọn àpò àtijọ́ tí ẹ bá nínú agolo yẹn, kò fi dandan jẹ́ jìbìtì. Ilé-iṣẹ́ náà máa ń da àpò ìtẹ̀jáde oríṣiríṣi pọ̀, ẹ̀yìn agolo sì ni kí ẹ ti kà á kí ẹ tó sanwó. Jìbìtì tòótọ́ ni ti agolo tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n sì tún padà dì. Nígbà tí mò ń tajà, oníbàárà kan dá agolo kan padà fún mi pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ọ̀rá wà lára rẹ̀, n kò wò ó fínnífínní, mo gbé e padà sórí àtẹ. Ọmọdé kan ló rà á, kò sì bá àpò kankan nínú rẹ̀, àfi káàdì yẹpẹrẹ tí wọ́n kó sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Mo san owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ojú ọmọ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kan ọ̀rá náà: kò gbọ́dọ̀ dẹ̀, ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ rí wúruwùru. Tí ẹ bá ṣí i, ẹ wo etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ àpò kọ̀ọ̀kan bóyá ó dán létí bíi pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ṣírò náà, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dùn mọ́ mi. Ó ku ìbéèrè kan: agolo méjì ni n kò tíì ṣí. Ṣé kí n fi wọ́n pamọ́ títí owó wọn yóò fi gbé sókè?

Alákòójọ Àtijọ́:
Ó lè gbé sókè, ó sì lè má gbé sókè, nítorí kò sí ohun tó dí ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ láti tún tẹ ìtẹ̀jáde kan náà. Ìṣòro agolo ni pé ó máa ń tètè tẹ̀ wọnú níbi igun, àwọn tó ń ra èyí tí a kò ṣí sì máa ń yẹ igun wò dáadáa. Tí ọ̀rinrin bá pọ̀ níbi tí ẹ gbé e sí, irin lè dógùn-ún, káàdì tó ń dán nínú rẹ̀ sì lè ká kò. Bí ẹ bá fẹ́ràn ṣíṣí wọn, ẹ ṣí wọn. Àwọn agolo tó ti ṣófo wúlò fún káàdì tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá wọ káàdì kọ̀ọ̀kan, kí etí wọn má baà máa ha mọ́ irin.

Olùbéèrè:
Màá ṣí ọ̀kan, màá sì fi èkejì pamọ́ nítorí àwòrán rẹ̀. Káàdì 38 ló kù kí ìtẹ̀jáde mi pé, màá kọ nọ́ńbà wọn síbí lálẹ́ òní.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kọ ọ́. Mo ní ẹ̀dà tó pọ̀ jù nílé, bóyá a ó rí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ṣe pàṣípààrọ̀ kí ẹ tó ra èyíkéyìí.