Àkọ̀, apó tàbí àpò: kí la ó máa pe ohun tí ìbọn ìléwọ́ ń gbé inú rẹ̀?

Àwọn kan dábàá pé kí a máa pe ohun tí ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ń fi ìbọn ìléwọ́ sí níbàdí ("holster" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ní "àpò ìbọn". Àwọn mìíràn ní "apó ìbọn" ló yẹ ẹ́, nítorí pé apó ni ọdẹ ń kó ọfà sí. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àkọ̀ ni mo dúró tì.

Apó ń gba ọfà púpọ̀, àpò sì ń gba ohunkóhun tí a bá jù sí i. Àkọ̀ kì í gbà ju idà kan lọ, idà tí a ṣe é fún. Ó ń bo ojú tó mú, ó sì ń fi èèkù sílẹ̀ fún ọwọ́. Iṣẹ́ ohun tí à ń sọ yìí gan-an nìyẹn: ó ní láti bo ìfà, ìyẹn irin tí ìka ń fà kí ọta tó jáde, ó ní láti di ìbọn mú bí ẹni tó gbé e bá sáré tàbí tó ṣubú, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ lè di èèkù mú dáadáa kí ìbọn tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá pa á lówe pé "idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́", ẹ fi àpò sí ipò àkọ̀ níbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òwe ṣì kù. Irú kan tún wà tí wọ́n máa ń kì sínú àpò ṣòkòtò. Ṣé "àpò inú àpò" la ó máa pe ìyẹn ni?

Wọ́n lè ní láìsí àmì ohùn, "àkọ̀ ìbọn" yóò dà bí "akọ ìbọn". Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apó àti àpò pẹ̀lú ò ṣeé yà sọ́tọ̀ láìsí àmì, àwọn méjèèjì sì ń bára wọn dupò nínú àríyànjiyàn kan náà. Ti àkọ̀ sàn.

Pé a ò tíì ní orúkọ fún un kò yani lẹ́nu. Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà wọ ilé. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà ló nílò rẹ̀ jù, àwọn ni mo sì ní lọ́kàn bí mo ti ń wá orúkọ fún irú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Níbi irú rẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀. "Àkọ̀ abẹ́ aṣọ" tí wọ́n dábàá fún èyí tí a ń kì sáàárín ṣòkòtò àti ara kò tọ̀nà, nítorí pé ẹni tí àkọ̀ rẹ̀ wà lóde ìgbànú náà lè wọ kóòtù bò ó. Ọ̀rọ̀ ibi tí àkọ̀ jókòó sí yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ pé a rí i tàbí a ò rí i. "Àkọ̀ inú ṣòkòtò" àti "àkọ̀ òde ṣòkòtò" ló kúnjú ìwọ̀n. Èyí inú ṣòkòtò ń fẹ́ kí ìbàdí ṣòkòtò fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ínṣì kan sí méjì, àwọn méjèèjì sì ń fẹ́ ìgbànú líle, tó sábà máa ń fẹ̀ tó ínṣì kan ààbọ̀. Bí ìgbànú bá rọ̀ tàbí tí ìkọ́ àkọ̀ bá fẹ̀ jù ú lọ, àkọ̀ á máa mì, ó sì lè bá ìbọn jáde nígbà tí wọ́n bá fà á.

Èyí tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo ni mo ń pè ní "àkọ̀ iwájú ikùn". Ó rọrùn láti fi pamọ́, ṣùgbọ́n itan àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú rẹ̀ ni ẹnu ìbọn ń kọjú sí bí ènìyàn bá jókòó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ fóòmù mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnu ìbọn lè sún síwájú, kí èèkù sì lè fara mọ́ ara. "Àkọ̀ abíyá" ni èyí tó ń so kọ́ èjìká. Bí ìbọn bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ nínú rẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn ni ẹnu rẹ̀ ń wò. "Àkọ̀ ọrùn-ẹsẹ̀" ni èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀: èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó mú ìbọn ibẹ̀, ìbọn kékeré nìkan ló sì gbà.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é kò mú ìjà wá: àkọ̀ awọ, àkọ̀ ike. Àkọ̀ awọ tuntun máa ń fún; wọ́n á fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé ìbọn tí kò ní ọta, wọ́n á sì fi sínú rẹ̀ sùn kí awọ lè nà. Tó bá gbó tí ẹnu rẹ̀ rọ̀, ó lè ká wọnú òrùka irin tó yí ìfà ká nígbà tí wọ́n bá ń ti ìbọn bọ̀ ọ́, kí ìbọn sì dún. Ike Kydex kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa, ó lè wọ́. Ní ti èyí aláṣọ tí wọ́n ń tà pé ó bá gbogbo ìbọn mu, àpò ni mo gbà kí a pe ìyẹn, torí kò di nǹkan kan mú.

Ó ku ìwọ̀n bí àkọ̀ ṣe ń dènà kí ẹlòmíràn má baà já ìbọn gbà, èyí tí wọ́n ń túmọ̀ sí "ipele 1, 2, 3". Bill Rogers, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí ní FBI, ilé-iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìkàyè yìí kalẹ̀ fún àkọ̀ àwọn ọlọ́pàá. "Ipele" ń mú ká rò pé 3 dára ju 1 lọ fún gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ iye ohun tí ọwọ́ ní láti tú ló ń pọ̀ sí i. Mo fẹ́ kí a ya "ìdìmú" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìdè". Ìdìmú ni bí àkọ̀ ṣe fún mọ́ ìbọn, èyí tí a ń fi skúrù kékeré tún ṣe. Ìdè ni ohun tí àtàńpàkò ń tẹ̀ tàbí tó ń tì kí ìbọn tó yọ. Ìdè kan wà tí ìka ìfábẹ̀lá ló ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìyìnbọn kò sì fẹ́ ẹ, nítorí ìka tó ń tẹ̀ ẹ́ lè bá agbára rẹ̀ bọ́ sórí ìfà. Láti dán ìdìmú wò: ẹ yọ ọta, ẹ wo ibi tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi sínú àkọ̀, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ mì í. Bó bá jábọ́, ẹ fún skúrù díẹ̀, kí ẹ tún un mì.