Ọyẹ́ kò jẹ́ kí n rí ìràwọ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Awò olójú méjì 10x50 tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ ni mo fi ń wo ojú ọ̀run. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rí òṣùpá mẹ́rin tó tóbi jù lára àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter, bíńtín bíńtín, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Màámi pè mí títí kí n wá jẹun, n ò gbọ́!

Áàpù Stellarium ni mo fi ń dá ìràwọ̀ mọ̀, ìkànnì Heavens-Above ló sì ń sọ ìgbà tí ISS, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú òfúrufú tó ń yí ayé po, máa kọjá fún mi. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn ò já mi kulẹ̀ rí.

Ọyẹ́ ni wàhálà mi. Ìkànnì ojú ọjọ́ á ní kò sí ìkúùkù. N óò gbé àga jáde sẹ́yìnkùlé, eruku á ti bo gbogbo ẹ̀, tí ìràwọ̀ mẹ́ta tó wà ní ìbàdí Orion (àkójọ ìràwọ̀ tó dà bí ọdẹ) gan-an á máa ṣe bàìbàì. Mo gbìyànjú àwòrán sátẹ́láìtì, dátà mi kàn ń jóná lásán ni.

Ìkànnì ọ̀fẹ́ wo ló ń sọ ṣáájú bí eruku ọyẹ́ yóò ṣe pọ̀ tó lálẹ́?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú o.