Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ

Ẹ kú àdúró o. Mo bi yín lọ́jọ́sí bóyá ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ tí kò tíì tàn kálẹ̀ máa ń pẹ́ láyé.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi, èsì àyẹ̀wò sì ti dé: àwọn kókó ara (lymph nodes, ibi tí jẹjẹrẹ lè tàn dé) tí wọ́n yọ ní ìbàdí kò ní jẹjẹrẹ nínú, n ò ní gba ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ. Dókítà ní nínú 100 tó tètè rí i bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 90 ló ń wà láyé lẹ́yìn ọdún 5.

Ẹni tó ní kí n yan iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, èyí tí wọn kì í la ikùn gbàràgàdà, ẹ ṣeun, àmọ́ ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé jẹjẹrẹ máa ń padà wá lẹ́yìn rẹ̀ ju lẹ́yìn ikùn lílà lọ. Wọ́n la ikùn tèmi. Àpá náà ń yún mi, àfi bí èèrà! Wọ́n ti yọ rọ́bà ìtọ̀.

Àyẹ̀wò ló kù, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Mo ti ìbéèrè yìí pa.