Algae inú omi ìfọlé ẹlẹ́dẹ̀: kí ló ń pa á?

Àgbẹ̀ Ìkirè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi tí a fi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ń ti inú táǹkì biogas (gáàsì ìdáná tó ń ti ara ìgbẹ́ jáde) bọ́ sí kòtò tapólì tó jìn ní mítà kan. Mo da irúgbìn Chlorella, irú algae (ewé omi tíntìntín) kan, sí i, ṣùgbọ́n kàkà kó di àwọ̀ ewé, ńṣe ló dúdú tó sì ń rùn. Kí ni ṣíṣe?

Baba Adágún: Mítà kan ti jìn jù. Oòrùn kì í wọ omi dúdú débẹ̀, inú òkùnkùn ni irúgbìn yín wà. Ẹ jẹ́ kó jìn ní 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà péré, kẹ́ ẹ fẹ kòtò náà lójú. Kí omi biogas tòrò mọ́jú, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ wá fi omi kànga là á: garawa omi biogas 1 sí garawa omi kànga 9. Omi ẹ̀rọ tó ní klorín kọ́ o. Irúgbìn náà kò gbọdọ̀ kéré, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Inú garawa ló ti ń dàgbà, kó tó kan dúrọ́ọ̀mù, kó tó wá kan kòtò. Ẹ sì máa rò ó látàárọ̀ dalẹ́, kó má baà rì.

Ìyá Láàbù: Òótọ́ ni Baba sọ. Tó bá wá di àwọ̀ ewé tán, pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) ló kù. Aago méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àárọ̀, torí bí algae bá ṣe ń jẹ carbon dioxide nínú oòrùn ni pH ń gòkè. Tó bá kọjá 9, ammonia (èròjà olóòórùn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀) á di oró fún algae fúnra rẹ̀. Ẹ dá omi tuntun dúró, ẹ ta àwọ̀n ṣíji bò ó. Apá kan ammonia náà ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ẹ má ka gbogbo èyí tó dínkù sí iṣẹ́ algae.

Bí omi bá ṣàdédé mọ́ kedere láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, rotifer (ẹranko omi tíntìntín) ló ń jẹ algae náà. Ẹ fa kòtò gbẹ, ẹ sá a sóòrùn, ẹ fi irúgbìn mímọ́ bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ la ṣe ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú ìgò.

Àgbẹ̀ Ìkirè: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ìkórè rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹja lè jẹ ẹ́?

Baba Adágún: Ẹ máa fa ìdá kan nínú márùn-ún lójúmọ́. Aṣọ kò lè sẹ́ Chlorella, 2 sí 10 micron ni (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Álọ́ọ̀mù á mú un rì, àmọ́ aluminium á kù sínú rẹ̀. Ẹ fi ṣe ajílẹ̀ àgbàdo. Ẹ má fún ẹja: copper àti zinc tó wà nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.