“Àmì” kọ́ ni táàgì: èrò mi lórí orúkọ tí a fẹ́ fún un nínú àdàkọ ìwé àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Ìbàdàn dá sílẹ̀ ló mú mi gbé kálàmù. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń da ìwé àtijọ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà nílò orúkọ Yorùbá fún ohun tí wọ́n ń pè ní táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń so mọ́ ìwé tàbí mọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ohun tó jẹ́; wọ́n ní kí a kúkú pè é ní “àmì” kí ọ̀rọ̀ parí. Àbúrò wa kan fèsì pé “ààlè” ló yẹ ẹ́ jù. Ẹnìkan mú “ilà” wá, bí irú èyí tí a ń kọ sójú, ẹlòmíràn mú “àfòmọ́”. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, “àmì” ni n kò sì fara mọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ gba gbólóhùn yìí yẹ̀ wò, èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀ fún àpẹẹrẹ: “Awọn ara Owu mu owu wa si ọja.” Bí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, láìsí àmì ohùn. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti àkọ́kọ́ ni Òwu, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó para pọ̀ di Abẹ́òkúta, pé ìkejì sì ni òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń gbìn, èyí tí wọ́n ń kó gba Èkó lọ sí Manchester ní àkókò tí àwọn míṣọ́nnárì wà níbí. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Bí ènìyàn bá ní kó wá “owu” jáde nínú ìwé rẹpẹtẹ, yóò kó Òwu, òwú àti owú orogún pọ̀ sójú kan náà.

Ibẹ̀ ni táàgì ti wúlò. Nínú FromThePage, ojú òpó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ilé ìkówèésí fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: [[Òwu|Owu]]. Ti apá òsì ni orúkọ tí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò sí. Ti apá ọ̀tún ni bí ó ṣe wà nínú ìwé gan-an, ẹnikẹ́ni kò sì yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀. TEI (Text Encoding Initiative), ìlànà fífi táàgì sí ìwé tí àwọn onímọ̀ ti ń tò láti 1987, ní táàgì orúkọ ènìyàn lọ́tọ̀, ti orúkọ ibi lọ́tọ̀, ti ọjọ́ lọ́tọ̀. Ṣódẹkẹ́ tó ṣíwájú àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ẹ ó rí i nínú ìwé kan gẹ́gẹ́ bí “Sodeke”, nínú òmíràn “Shodeke”. Táàgì ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń wá ọ̀kan rí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Abbeokuta” tí àwọn Òyìnbó máa ń kọ.

Ẹ wá wo ohun tí “àmì” máa bà jẹ́ níbẹ̀. Òfin kìíní fún ẹni tó ń ṣe àdàkọ ni pé kó má ṣe fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí kò ní in nínú ojúlówó ìwé. Òfin kejì ni pé kó fi táàgì sí orúkọ ènìyàn àti ti ibi. Bí a bá pe táàgì ní àmì, ìwé atọ́nà wa yóò máa sọ fún ọmọ náà pé “má fi àmì sí Owu”, yóò tún máa sọ fún un pé “fi àmì sí Owu”. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín púpọ̀, ṣùgbọ́n irú ìlànà yìí yóò ba iṣẹ́ jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Yorùbá ti fi àmì fún ohùn nínú èdè ìkọ̀wé, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ “ààlè” ló dun ẹnu jù nínú gbogbo wọn, mo sì mọ ibi tí àbúrò wa ti mú un. Ẹni tó bá kó igi ìdáná rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà oko á so àkísà pupa, ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo mọ́ ọn. Ẹni tó ń kọjá á rí i, á mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Àmọ́ ohun tí ààlè ń sọ ni pé “má fọwọ́ kàn án, èpè wà níbẹ̀.” Táàgì ń pe ènìyàn wá síbi ọ̀rọ̀ ni. N kò fẹ́ kí ọmọ tó ń kàwé ìtàn ìlú rẹ̀ bá ìkìlọ̀ olè lórí orúkọ baba ńlá rẹ̀.

Ti “ilà” kò gùn. Ìlà la ń pe ẹsẹ kọ̀ọ̀kan nínú ojú ìwé, àwọn tó ń ṣe àdàkọ á sì máa kà á: ìlà kẹta, ìlà kẹrin. Ohùn nìkan ló ya méjèèjì. “Àfòmọ́” ní tirẹ̀, àwọn onígírámà ti gbà á tipẹ́: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àfòmọ́ àárín.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè gbé e, nítorí iṣẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan.

Èyí tí a fi ń to odindi ìwé, kí a pè é ní àlẹ̀mọ́. Lẹ́tà ni àbí ìwé ìrìbọmi? Ọdún wo? Èdè wo? Ìwé Ìròhìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀ níbí ní 1859, Yorùbá nìkan ni ní ìbẹ̀rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀ ní 1860. Àlẹ̀mọ́ èdè ló máa ya wọn sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń wá Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí a fẹnu kò lórí bí a ṣe máa kọ àlẹ̀mọ́ kọ̀ọ̀kan o. Bí ẹnìkan bá kọ “owó-orí” sára ìwé kan lórí ìjà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta bá ìjọba jà ní 1947, lábẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ẹlòmíràn kọ “owó orí” láìsí àmì ìsopọ̀, tí ẹ̀kẹta sì kọ “ìsákọ́lẹ̀”, ìwé ìjà kan náà ti pín sọ́nà mẹ́ta.

Èyí tí a fi ń sọ irú ohun tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ nínú gbólóhùn, mo dábàá ìdámọ̀. Ìdámọ̀ ènìyàn, ìdámọ̀ ibi, ìdámọ̀ ọjọ́. Ó rọrùn láti fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe: “Ṣé o ti dá Owu tó wà ní ìlà kejì mọ̀?” Kò sí ẹni tó máa ṣi ìyẹn gbọ́.

Èyí tó kù ni ti ara ìwé fúnra rẹ̀: ikán ti jẹ etí rẹ̀, tádàwà ti ṣí, ẹnìkan fa igi lé ọ̀rọ̀ kan tó sì kọ òmíràn sókè. Àkíyèsí ti tó fún un, a ti ń lò ó tẹ́lẹ̀.

N kò bá “táàgì” jà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní “ẹ táàgì mi” lórí Facebook, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ, a sì gbọ́ wọn. Ìwé atọ́nà tí a fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́ ni mo ń wí.

Ìbéèrè kan ló ṣẹ́kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń ṣe àdàkọ á rí “Sodeke” nínú ìwé tí kò ní ọjọ́, kò sì ní dá a lójú bóyá aṣáájú Ẹ̀gbá ni tàbí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Mo ronú kan “ìdámọ̀ àfura”, àmọ́ “fura” ti fẹ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. “Ìdámọ̀ aláìdájú” gùn díẹ̀, òun ni mo ṣì dì mú títí ẹ ó fi mú èyí tó sàn jù ú lọ wá.